Ojú Kan Náà Lára Gbogbo Áńgẹ́lì

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹta, 1973. Birgu.

Bàbá Aáṣáà wá sílé wa lónìí. Fadá Kalċidon ni o, orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí nìyẹn, nítorí aáṣáà tó máa ń fín símú kó tó sọ ohun tó fẹ́. Ó fín in, ó tún un fín. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀.

Ó ní bàbá mi ti fẹ́ pé ọdún kan tó kú, ìjọ sì fẹ́ ṣe ìpàtẹ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde: fọ́tò gbogbo ère àti áńgẹ́lì tí Grezzju Psaila gbẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí bọ́ǹbù wó nígbà ogun, tí wọ́n sì tún kọ́. Ní Isla, ní Il-Belt, títí dé Għawdex lódìkejì omi. Èmi ni kí n máa wá wọn kiri.

"Ta ló tún mọ ọwọ́ bàbá rẹ jù ọ́ lọ, Vitorin?"

Mo gbà kí n tó rò ó.

Màmá ń bó ẹ̀wà tútù. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Fadá, ẹ jẹ́ kí òkú sinmi." Bàbá Aáṣáà rẹ́rìn-ín, ó ní òkú tó bá ṣiṣẹ́ rere kì í sinmi. Màmá ń bó ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Klement ni yóò ya fọ́tò náà. Èyí náà, mo gbà kí n tó rò ó. Láti Kérésìmesì ló ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi. N kò tíì dá a lóhùn, òun náà kò sì tíì bínú. Olùkọ́ ni. Ó mọ̀ bí a ti ń dúró de ọmọ tí kò mọ ìdáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹta.

Isla. A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, Klement di kámẹ́rà mọ́ àyà bí ọmọ titun.

Òpó lílọ́ bí okùn. Ewé àti èso gbígbẹ́ tó ń yọ lára ògiri, wúrà lórí wúrà, kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ irú ilé báyìí bẹ̀rù àyè òfìfo. "Bí o bá fi àyè sílẹ̀, ìbànújẹ́ á gbà á." Mo rò pé àwàdà ni.

Áńgẹ́lì mẹ́rin ló yí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ká. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀. Klement gun àkàsọ̀ lọ.

"Vitor, ta ni obìnrin yìí?"

"Áńgẹ́lì ni."

"Áńgẹ́lì wo? Èyí tí wọ́n sọ àwàdà létí rẹ̀, tó ń mú ẹ̀rín mọ́ra?"

Èmi náà gùn ún. Òótọ́ ni. Ẹnu gbòòrò tó ń tiraka láti má rẹ́rìn-ín. Ìpéǹpéjú òsì ga díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Kòtò kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, kò sí ní ọ̀tún. A sún àkàsọ̀ sọ́dọ̀ ìkejì. Òun náà ni. Ìkẹta. Ìkẹrin. Obìnrin kan náà, ìgbà mẹ́rin, pẹ̀lú ìyẹ́.

Ènìyàn ni. Ojú tí a ronú dá kì í ní kòtò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹta.

Màmá bèèrè bóyá àwọn áńgẹ́lì Isla ṣì dára. Mo ní wọ́n dára. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n."

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹta.

Il-Belt, ní ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Eérú Lẹ́ńtì àná ṣì wà níwájú orí ìyá tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

Ní èyí àkọ́kọ́: Katarína Mímọ́ pẹ̀lú àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi dá a lóró. Oníkòtò ni. (Mo ti ń pè é ní Oníkòtò báyìí.) Wọ́n ń lọ pa á, ó ń mú ẹ̀rín mọ́ra.

Ní ìkejì: àwọn ọmọ áńgẹ́lì sísanra tó gbé ìbòrí pẹpẹ dání. Mo wò wọ́n — kòtò! Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì gbogbo wọn! Mo bú sẹ́rìn-ín débi tí ìyá onílẹ̀kùn fi yọjú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ. Bàbá mi gbẹ́ ojú obìnrin náà sára ọmọ.

Klement ní, "Bóyá ojú kan ṣoṣo ni bàbá rẹ mọ̀ ọ́n gbẹ́."

Ìbá dára bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Pétérù Mímọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú Ċensu ẹlẹ́ja ló ní, gbogbo Birgu ló mọ̀, Ċensu fúnra rẹ̀ máa ń fi yangàn ní ilé ọtí. Bàbá mi mọ ojú gbẹ́ o. Tó bá di obìnrin nìkan ni kì í gbẹ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹta.

Kusksu, ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù, la jẹ lóúnjẹ alẹ́. Ẹ̀wà ọjọ́sí. Mo ń wo ojú Màmá lórí abọ́.

"Kí lo ń wò?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Nítorí kí ni? Ìwọ ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín fún nínú Lẹ́ńtì?" Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Kò sí kòtò. Ní òsì, ní ọ̀tún. Kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹta.

Ní Máàsì, mo ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin dípò àdúrà. Olúwa, dárí jì mí. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ní kòtò méjì.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹta.

Mo lọ bá Ọ̀gá Indrì ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń lẹ wúrà mọ́ gbogbo ohun tí bàbá mi bá gbẹ́. Ó ń fi búrọ́ṣì pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ kó lè fi gbé wúrà fẹ́lẹ́ náà, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Ọmọ Grezzju! O ti gbẹ bí ẹja orí àtẹ. Ṣé o ò rí ọkọ ni?"

"Mo rí. Ọ̀gá Indrì, ta ni obìnrin tí bàbá mi ń gbẹ́?"

"Má mí sí wúrà mi."

Mo dá èémí dúró. Ó lẹ ewé wúrà kan mọ́ ìka ẹsẹ̀ áńgẹ́lì kan, ó tún lẹ òmíràn. Èémí fẹ́ tán nínú mi.

"Wúrà lèmi mọ̀," ó wí níkẹyìn. "Bàbá rẹ á gbé ojú wá, èmi á bò ó. Ǹjẹ́ o rí ẹni tó ń da ṣúgà sórí àkàrà tó ń bèèrè ẹni tó po ìyẹ̀fun?"

"Ọ̀gá Indrì."

Ó gbé búrọ́ṣì sílẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bi ìyá rẹ."

"Ìyá mi mọ̀ ọ́n?"

"Mo ní bi ìyá rẹ. N kò ní ìyá rẹ mọ̀ ọ́n."

Ó wá ń kọrin lábẹ́ imú títí mo fi jáde. Tó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, kí ló dé tó fi ń kọrin?

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹta. Ọdún Jósẹ́fù Mímọ́.

Ìsinmi. Klement mú mi lọ mu tíì létí omi, ìjà la sì bá bọ̀.

Ó ní, "Ọkùnrin ni bàbá rẹ, Vitor. Kì í ṣe ère."

Mo ní kó má bá mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ni òun sọ? Mo ní ó rò pé bàbá mi ní àlè. Ó ní èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀, òun kò tíì pe ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Inú tún wá bí mi sí i.

Mo wá sọ ohun tí n kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ. Pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bàbá mi ni mo fi ń wọn gbogbo ọkùnrin tó bá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń fọ abọ́ fún Màmá. Kò gbé ohùn sókè sí i rí. Nísinsìnyí, bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ èké, kí ni mo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí?

Ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ṣé nítorí ẹ̀ lo ò ṣe dá mi lóhùn?"

N kò mọ̀. Ohun tó burú ni pé n kò mọ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kẹta.

Klement ránṣẹ́ pé òun ṣì ń bọ̀ wá sí Għawdex. "Fún bàbá rẹ ni, kì í ṣe fún ọ." Òpùrọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹta.

Afẹ́fẹ́ lórí omi. Onífọ́tò bì sínú òkun láìtijú. Mo fún un ní aṣọ ìnujú mi. A kò sọ̀rọ̀ ìjà.

Ká tó lọ síbi iṣẹ́ bàbá mi, a gòkè lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá orí òkè, torí Klement fẹ́ràn àjà rẹ̀. Àjà pẹlẹbẹ ni. Wọn kò kọ́ òrùlé rìbìtì sí i, wọ́n kùn ún ni. Bí o bá dúró ní ibi kan báyìí, ọ̀run ṣí sílẹ̀ lókè rẹ, òpó, fèrèsé, ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀. Bí o bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ́, ó di aṣọ tí wọ́n kùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ òyì kọ́ mi. Mo jókòó.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí bàbá mi ṣe wà lẹ́yìn ọjà. Obìnrin arúgbó kan, Marjanna, ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ní ilé rẹ̀ ni bàbá mi wọ̀ sí ní ọdún tó ṣe iṣẹ́ náà. Áńgẹ́lì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àkàsọ̀. Oníkòtò ni. Oníkòtò ni.

Marjanna wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ni ọmọ Grezzju? O ò jọ ọ́. Pawla lo jọ."

"Ẹ mọ ìyá mi?"

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n! Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n fi ìwọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ."

Mo rántí ẹ̀ẹ̀rùn náà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

"Láàárọ̀, ìyá rẹ á jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé mi, á yíjú sọ́tùn-ún, á yíjú sósì. Bàbá rẹ á máa gbẹ́. Wọn á sì máa jà!"

"Jà? Àwọn méjèèjì? Nítorí kí ni?"

"Nítorí imú! Ìyá rẹ á ní imú kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ á ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní, Màríà Mímọ́, irú obìnrin wo ló ń bá ọkọ jà lórí imú ara rẹ̀? Ṣé kò ní dígí ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo tún un sọ fún Klement bí ẹni ń ka ìwé fún afọ́jú. Ìyá mi ló jókòó. Ojú ìyá mi kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìyá mi ló jókòó.

Ó ní, "Bi í, Vitor."

Gbogbo ayé ń sọ pé kí n bi í. Wọn kò mọ Màmá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Kẹta.

Mo fẹ́ bi í nígbà tó ń lọ aṣọ. N kò bi í.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kẹta.

N kò bi í.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹrin.

Ó ní, "O ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí bí ẹni tó fẹ́ rà mí. Ṣé n óò tà?" Ó kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Bí ó bá mọ̀ nípa obìnrin yìí, kí ló dé tó jókòó? Bí kò bá mọ̀, kí ló ń jà lé lórí? Bí mo bá mú okùn yìí ní ìhín, ó máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀hún.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Klement ti kó àwọn fọ́tò wá láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́jà. Nígbà tí mo wọlé, Màmá ti tẹ́ wọn sórí tábìlì, gbogbo Oníkòtò, ti Isla, ti Il-Belt, ti Għawdex. Ó mú ọ̀kan sún mọ́ ojú.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ga jù," ó wí. "Mo sọ fún un."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja nínú apẹ̀rẹ̀.

"Wọ bàtà rẹ. Ọ̀la ni wọ́n máa fi aṣọ àlùkò bo àwọn ère, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, títí di Àjíǹde. Mú mi lọ sí Isla."

Isla! À ń wò ó láti ojú fèrèsé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Màmá sí. Kò dé ibẹ̀ rí lójú mi. Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò wo omi, kò wo èbúté. Níbi tí ilé wọn wà, ilé mìíràn ti wà níbẹ̀, aṣọ ọmọdé lórí okùn. Ó wò ó díẹ̀. Ó ń rìn lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró níwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó bá ènìyàn nílé:

"Rużann. O ò darúgbó rárá, ìwọ ọmọ yìí."

Mo mọ orúkọ náà. Lọ́dọọdún nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí a bá ń ka àwọn òkú wa, à ń kà á. Àbúrò Màmá, bọ́ǹbù pa á nígbà ogun. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ilé wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀, fọ́tò, aṣọ, gbogbo ohun tó ní. N kò mọ ojú rẹ̀ rí. Àbí kí n sọ pé láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n?

Ó jókòó. Ó ní kí n jókòó.

"Òun ni Grezzju fẹ́ fẹ́. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí kó tó wó. Èmi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun wà nílé."

Mo ní, "Màmá, mo rò pé…"

"Mo mọ ohun tí o rò. Àlè! Grezzju! Bàbá rẹ tí kò lè parọ́ fún ológbò." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. "Lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kó gbẹ́ áńgẹ́lì. Ó jókòó ti igi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun kò rí ojú Rużann mọ́. Ó ń parẹ́ lọ lójú òun. Èmi náà, ó ń parẹ́ lójú mi, n kò kàn tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, wò mí. Iwájú orí wa dọ́gba, àgbọ̀n wa dọ́gba. Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ìyókù, ká jọ wá a."

"Ojú yín ló ń wò, ojú rẹ̀ ló ń gbẹ́."

"Àwa méjèèjì là ń gbẹ́ ẹ. Òun ló kàn mú ọ̀bẹ. N óò ní kòtò náà wà nísàlẹ̀ díẹ̀, òun á ní rárá. Ní ọjọ́ mìíràn òun ló jàre. Ní ọjọ́ mìíràn èmi ni. Imú yẹn, a ò rí i gbẹ́ bó ṣe rí títí dòní." Ó nawọ́ sí èyí tó wà lápá ọ̀tún. "Ìyẹn ló sún mọ́ ọn jù."

Mo bi í bóyá èmi jọ ọ́. N kò mọ ìdí tí mo fi bèèrè.

"Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, bàbá rẹ fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ òsì. Mo rí i. Ó rò pé mo sùn. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wá sọ fún ọ pé: ó dáa bẹ́ẹ̀, ojú tìrẹ ni kí o gbé wáyé."

A jókòó títí ọmọ ìjọ kan fi wá ń to aṣọ àlùkò sórí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹrin.

Wọ́n ti bò wọ́n.

Klement wá bèèrè ohun tí wọn yóò kọ sábẹ́ àwọn fọ́tò. Màmá ní kí wọ́n kọ Rużann, ní lẹ́tà gàdàgbà, sábẹ́ gbogbo wọn, kí Fadá fín aáṣáà bó bá fẹ́. Klement wò mí. Mo ní kó dúró jẹun. Ó ní dídúró ni òun ti sọ diṣẹ́. Màmá ní, "Jókòó, jàre, o ti jẹ́ kí ìrẹsì tutù."

N kò tíì mọ ohun tí n óò sọ fún un. Mo rò pé tí mo bá mọ òótọ́, ọ̀nà á là. Mo mọ òótọ́. Ṣé ọkùnrin rere ni bàbá mi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó fẹ́ràn ìyá mi? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tún ń dà rú.

Lẹ́yìn tí Klement lọ, èmi àti Màmá ń gún álímọ́ńdì fún àkàrà Àjíǹde. Mo bi í láìgbójú sókè. Mo ní, "Ṣé kò dùn yín?"

"Ó dùn mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìrora nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ilé mi." Ó ń gún un lọ. "Nígbà tí bàbá rẹ ń kú lọ, ó pe Rużann."

Odó dákẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohùn rẹ̀ mọ́ geere, bí ọ̀dọ́mọkùnrin."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo jẹ́ ẹ. Mo ní, mo wà níbí. Ojú rẹ̀ sì rọ̀."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá lọ́jọ́ náà, ife omi lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ "mo wà níbí" náà. N kò gbọ́ orúkọ tí bàbá mi pè.